Lámilámi Tó Ń Tẹ̀lé Òjò: Ọjọ́ Kan Lẹ́yìn Ilé Wa ní Mọ́níyà

Sátidé kan ni, nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà ti dé ìdajì. Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú títí di nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí kí páànù orí ilé tó dákẹ́. Inú ìwé kékeré mi àti àwọn àwòrán inú fóònù mi ni mo ti ṣa ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí jọ, nítorí fóònù a máa kọ aago sára gbogbo àwòrán tó bá yà. Níbi tí n kò ti ya àwòrán, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi létí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kì í sì í gbàgbé nǹkan.

Aago 5:40 ìdájí

Lẹ́yìn ilé tí mo háyà ní Mọ́níyà, ní ọ̀nà tó jáde láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, ìpìlẹ̀ ilé kan wà tí wọ́n gbẹ́ tí wọn kò kọ́. Láti ìparí oṣù Ògún ni òjò ti sọ ọ́ di ọ̀gọ̀dọ̀. Omi rẹ̀ kò mu èèyàn kọjá orúnkún, kò sí ẹja nínú rẹ̀, koríko sì ti yí i ká. Ibẹ̀ ni mo lọ dúró sí pẹ̀lú iná fóònù, nítorí ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú mo rí awọ òfìfo méjì tó lẹ̀ mọ́ ara koríko náà.

N kò dúró pẹ́. Ohun kan tó tóbi tó àáyán kékeré, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹrẹ̀, ti gun ewé koríko kan jáde kúrò nínú omi, ó sì ti fi ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ewé náà mú ṣinṣin. Ẹ̀yìn rẹ̀ là láàárín èjìká méjèèjì. Àyà àti orí ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀, ó wá dorí kodò, ó so rọ̀ bí ohun tó ti kú. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá gbáko ni kò fi mira. Ó ń dúró kí ẹsẹ̀ tuntun náà le ni. Lójijì ó na ara sókè, ó di awọ tó ti là náà mú, ó sì fa ìrù rẹ̀ yọ bí ẹni tó ń bọ́ ẹ̀wù tí òjò ti rin gbingbin. Okùn funfun tín-ín-rín ṣẹ́ kù sínú awọ òfìfo náà. Awọ inú ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ara rẹ̀ ni. Òun náà bọ́ pẹ̀lú ìyókù.

Ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká jọ sẹ́yìn rẹ̀ bí ọ̀rá tí èèyàn rún mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ara rẹ̀ ń wọ inú wọn, tí wọ́n sì ń tẹ́ jáde, funfun bí omi ẹ̀kọ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó wá mọ́ gaara.

Aago 6:38

Oòrùn yọ. Lámilámi náà ya ìyẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbọ̀n rìrì fún bí ìṣẹ́jú kan láti mú ara rẹ̀ gbóná, ó sì gbéra. Mo ti rò pé yóò yí orí omi náà ká. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ sókè tààrà, ó kọjá orí páànù, n kò sì rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú lámilámi tó jẹ́, nítorí lámilámi pọ̀ lórílẹ̀-èdè wa, wọn kì í sì í ṣe ìkan náà. Eléyìí gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àti ààbọ̀, ara rẹ̀ pọ́n bí oyin, ojú rẹ̀ sì máa ń pupa bó bá ti dàgbà. Ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò: ó fẹ̀ gan-an níbi tó ti so mọ́ ara. Ìyẹ́ tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó lè tẹ́ sórí afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìjà mọ́ ọn. Johan Christian Fabricius, ará Dẹ́ńmáàkì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ lọ́dún 1798, láti ara èyí tí wọ́n mú ní Íńdíà. Ní 1861, Hermann Hagen ará Jámánì fún ìran rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀, Pantala, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ “ìyẹ́ ni gbogbo rẹ̀.” Orúkọ ẹni tí mo rí ní àárọ̀ yẹn lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ ni Pantala flavescens.

Méjì péré ni ọmọ ìyá tó wà nínú ìran náà ní gbogbo ayé. N óò sọ ti èkejì bó bá yá.

Aago 8:00

Mo ń mu tíì. Bí aago mẹ́jọ bá lù ní Ìbàdàn, aago méjìlá ọ̀sán ló lù ní Malé, olú-ìlú Maldives, àwọn erékùṣù tó wà láàárín òkun ní ìsàlẹ̀ Íńdíà. Inú oṣù Ọ̀wàrà yìí kan náà ni irú lámilámi yìí máa ń dé síbẹ̀ lọ́dọọdún. Lónìí wọn kò sí, lọ́la wọ́n ti kún ojú pópó.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yani lẹ́nu ni pé Maldives kò ní odò, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi dídùn kankan lórí ilẹ̀ tí lámilámi lè yé ẹyin sí. Ilẹ̀ iyanrìn ni, omi òjò a sì mu wọlẹ̀ ní kíá. Kí wá ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Charles Anderson, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí inú òkun tó ti ń gbé ní erékùṣù náà láti 1983, bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọjọ́ tí wọ́n ń dé sílẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń bi àwọn èèyàn ní ìlú mìíràn léèrè ìgbà tí tiwọn ń dé. Ó rí i pé gúúsù Íńdíà ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà Malé, lẹ́yìn náà àwọn erékùṣù Seychelles nínú oṣù Bélú, kí wọ́n tó wá dé ìlà-oòrùn Áfíríkà tí òjò ti ń rọ̀ nígbà náà. Ní 2009 ó kọ ọ́ jáde pé lámilámi yìí ń gba orí Òkun Íńdíà kọjá sí Áfíríkà, àti pé àtọmọdọ́mọ wọn ló ń padà. Tí a bá ro àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ó tó 14,000 sí 18,000 kìlómítà, ìran mẹ́rin léra wọn ló sì ń rìn ín parí. Ẹni tó bá gbéra kì í padà sílé. Àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ló ń padà.

Omi òkun tó wà láàárín Íńdíà àti Maldives nìkan fẹ̀ tó 500 sí 1,000 kìlómítà. Anderson tún rí ohun mìíràn: lásìkò tí wọ́n ń dé, ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ti ń fẹ́ wá, ó sì dojú kọ wọ́n. Òkè ni wọ́n ń gbà. Bí èèyàn bá lọ sókè ju mítà 1,000 lọ, afẹ́fẹ́ mìíràn wà níbẹ̀ tó ń fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn, tó ń ti ìkùukùu òjò lọ sí gúúsù. Orí afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n ń tẹ́ ìyẹ́ sí. Ibi tí ìkùukùu bá sì dà á sí, ibẹ̀ ni omi tuntun yóò ti dúró.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, èrò mi nípa lámilámi ìgbà èwe mi yí padà. Mo ti máa ń rò pé ti ẹsẹ̀kùlé wa ni wọ́n. Ti òjò ni wọ́n.

Aago 10:15

Mo gbé abọ́ ike funfun lọ sí etí ọ̀gọ̀dọ̀, mo fi asẹ́ bu omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí. Tanwíji pọ̀ nínú omi náà, wọ́n ń jó lọ sókè sódò bí ìṣe wọn. Ọmọ lámilámi kan wà láàárín wọn, ó dúró jẹ́ẹ́ sí ìdí abọ́.

Ìgbà yìí ni Ìyá onílé jáde láti ilé ìdáná, ike kẹrosínì lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ẹ jí dáadáa? Èmi ò fojú kan oorun. Ẹ̀fọn! Mo fẹ́ da eléyìí sínú omi yẹn kí ara tù wá.”

N kò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo wa ni ẹ̀fọn ń jẹ, ibà sì ti dá ọmọ méjì dúbúlẹ̀ nínú ọgbà náà lóṣù yẹn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n jókòó sórí àpótí kí wọ́n wo inú abọ́.

A wò ó. Tanwíji kan jó kọjá níwájú ọmọ lámilámi náà. Kò sáré sí i. Ohun kan ló yọ láti abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, bí apá tó ká pọ̀ tí wọ́n wá tú jáde, ó gbá tanwíji náà mú, ó sì padà sẹ́nu. Ojú kò lè bá a yá. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ní ohun bí èékánná lórí, ó sì máa ń ká a pọ̀ sábẹ́ ojú bí kò bá lò ó.

“Yéè!” ni Ìyá onílé wí. “Ó ti gbé e! Kí lèyí?”

“Ọmọ lámilámi ni, mà.”

“Lámilámi tó ń fò yìí náà? Inú omi ló ti wà tẹ́lẹ̀?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn, nítorí mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ó ní inú omi ló ti ń mí, ihò ìdí ló sì ń gbà mí, bí ẹ̀rù bá sì bà á, yóò tú omi jáde láti ìdí náà, èyí yóò sì taari rẹ̀ síwájú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da abọ́ nù. Òótọ́ ni, ṣá.

A rí i tó mú mẹ́rin kí Ìyá onílé tó dìde. Mo wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn. Kẹrosínì yóò pa tanwíji, ṣùgbọ́n yóò pa ẹni tó ń jẹ tanwíji pẹ̀lú. Òjò méjì tàbí mẹ́ta ni yóò fọ kẹrosínì náà lọ. Ẹ̀fọn lè kúrò ní ẹyin kó di ẹni tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lámilámi yìí, tí ó sì wà lára àwọn tó yára jù láàárín gbogbo lámilámi ayé, nílò ọjọ́ 38 ó kéré tán, ó sì lè tó 65. Ẹ̀fọn ló máa kọ́kọ́ padà, kò sì ní sí ẹni tí yóò pàdé rẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá onílé gbé ike kẹrosínì náà lé orí ògiri. Wọn kò sọ pé àwọn gbà, wọn kò sì sọ pé àwọn kọ̀.

Aago 12:50

Ọkọ̀ dúdú kan dúró sí iwájú ilé wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán ni, ó ń dán gbinrin. Lámilámi méjì tó so pọ̀ wá sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, akọ níwájú, abo lẹ́yìn. Abo ń fi ìdí kan bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, pà, pà, pà, ó ń yé ẹyin sórí irin gbígbóná.

Ó dùn mí púpọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ara omi ta padà, ó máa ń tò lọ́nà kan tí ojú wa kò lè rí ṣùgbọ́n tí ojú lámilámi ń rí. Ọ̀nà yẹn ló fi ń mọ omi láti òkè réré. Ọ̀dà ọkọ̀ tó ń dán ń tan ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ẹyin tó bá sì bọ́ síbẹ̀ ti jóná. Mo lọ wá aṣọ, mo fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ẹni tó ni ọkọ̀ wò mí, ó kí mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú orúkọ tí àwọn baba wa fún un, èmi ń gbọ́ “lá omi, lá omi,” bí ó ti ń fi ìdí kan ojú omi tó tún ń gbéra. Àwọn ará Brazil náà rí ìṣe yìí. Wọ́n a máa pe lámilámi ní lavadeira, ìyẹn alágbàfọ̀.

Brazil yìí ló rán mi létí ọmọ ìyá kejì tí mo ṣèlérí. Pantala hymenaea ni, Thomas Say ará Amẹ́ríkà ló fún un lórúkọ. Ó jọ tiwa gan-an, ṣùgbọ́n ó dúdú díẹ̀ jù ú lọ, ó sì ní àpá kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí kọfí ní ìdí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Òun náà fẹ́ràn omi òjò tí kò pẹ́, òun náà a máa rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló mọ̀, láti gúúsù Kánádà títí dé Ajẹntínà, àti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí. Kò sọdá sí ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n tiwa sọdá sọ́hùn-ún. Bí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kúbà àti Brazil bá wo orí pápá wọn lẹ́yìn òjò, wọ́n lè rí ọmọ ìyá méjèèjì lójú ọjọ́ kan náà, wọ́n á sì rí nínú wọn èyí tí àwọn baba ńlá wọn ti mọ̀ kí wọ́n tó kó wọn kúrò nílé.

Aago 3:00 ọ̀sán

Oòrùn mú gan-an. N kò rí lámilámi kankan nílẹ̀. Mo sùn díẹ̀.

Aago 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ariwo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló jí mi. “Àǹtí! Àǹtí! Ẹ wá wò wọ́n!”

Pápá bọ́ọ̀lù kan wà ní òdìkejì títì. Ikán abìyẹ́ ti ń jáde nínú ilẹ̀ tútù, wọ́n ń gòkè bí èéfín, lámilámi sì ti bò wọ́n. N kò lè kà wọ́n. Mo gbìyànjú láti ka ìwọ̀n tó wà láàárín òpó gọ́ọ̀lù kan, mo ka 60, mo pàdánù ònkà, mo jáwọ́. Wọn kò bà níbì kankan. Wọ́n ń tẹ́ lọ, wọ́n ń yí, wọ́n ń padà, ní ìwọ̀n gíga èèyàn méjì sí ti ọ̀pẹ, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ wọn tó kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ kó ẹran bí ẹni fi apẹ̀rẹ̀ kó àgbàdo. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń já láàárín wọn. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n gbójú sókè. Fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti mú okùn òwú jáde láti so mọ́ ìrù èyí tó bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé, “Má so ó o. Ó ń lọ síbì kan ni.” N kò kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn.

Níbo ló ń lọ? Yàtọ̀ sí ilẹ̀ yìnyín ìsàlẹ̀ ayé, kò sí ilẹ̀ ńlá tí wọn kò tíì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣọ̀wọ́n ní Yúróòpù. Ní 2016, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn PLOS ONE, níbi tí wọ́n ti fi ohun àjogúnbá inú ara àwọn tí wọ́n mú ní Amẹ́ríkà, Japan, Kòríà, Íńdíà àti Guyana wéra. Wọ́n jọra débi pé ó dà bíi pé agbo kan ṣoṣo ni wọ́n, tí wọ́n ṣì ń gbé ara wọn níyàwó yíká ayé. Ní Japan, láti gúúsù ni wọ́n ti ń dé lọ́dọọdún, wọ́n á máa bímọ gòkè lọ sí àríwá, òtútù á sì pa àwọn ọmọ inú omi nígbà tí ọ̀gìnnìtìn bá dé. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn mìíràn á tún dé. Ìgbà ọdún Obon, tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbàlejò ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn, ni wọ́n máa ń pọ̀, àwọn kan sì ń pè wọ́n ní lámilámi ẹ̀mí. Ẹni tó bá mọ ohun tí ọdún egúngún jẹ́ fún wa kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí ó lu aago 5:10 lórí pápá wa, aago 11:10 òwúrọ̀ ni ní Rapa Nui, erékùṣù kékeré kan ní àárín òkun Pàsífíìkì, tó jìnnà sí Chile ní ohun tó ju 3,500 kìlómítà lọ. Lámilámi yìí nìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Kò sí irú lámilámi mìíràn tó dé ibẹ̀ rí tó sì dúró. Àwọn onímọ̀ tó lọ wò wọ́n rí i pé wọ́n ti ń yàtọ̀: bí ìkùukùu bá bo oòrùn, dípò kí wọ́n gbéra sókè bíi ti àwọn ìyókù, ńṣe ni wọ́n ń bà sílẹ̀. Ó yé mi. Níbẹ̀, ẹni tó bá gòkè, inú òkun ni afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, kì í sì í bímọ mọ́. Àwọn tó dúró nílẹ̀ ni wọ́n bí àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí.

Aago 6:45

Ilẹ̀ ń ṣú. Agbo náà túká bí ó ti dé. Mo rí mẹ́ta tí wọ́n so rọ̀ sára ẹ̀ka igi kaṣú lẹ́yìn ilé, ìrù wọn kọjú sí ilẹ̀, bí wọ́n ti máa ń sùn. Lábẹ́ iná fóònù, ìyẹ́ ọ̀kan ti ya létí. Ó ti rìn jìnnà.

Ìyá onílé wá bá mi níbẹ̀. Wọ́n ti lọ wo inú abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sán, láìsọ fún mi. Tanwíji inú rẹ̀ ti tán.

“Ẹ dá a padà sínú omi,” ni wọ́n wí. “N óò fi omi yẹn sílẹ̀ títí òjò á fi dá. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi da omi inú táyà wọ̀nyẹn nù.”

Wọ́n ṣe é re. Lámilámi kì í sábà yé ẹyin sínú agolo tàbí táyà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀fọn fẹ́ràn. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi da omi táyà mẹ́ta nù, àti agolo ọ̀dà méje, àti ìkòkò kan tó ti fọ́ létí. A so àwọ̀n mọ́ fèrèsé yàrá Ìyá onílé kí wọ́n lè sùn.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo ka awọ òfìfo mọ́kànlá lára koríko etí ọ̀gọ̀dọ̀ náà. Bí omi òjò bá dúró lẹ́yìn ilé tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abọ́ funfun bu díẹ̀ wò kí ẹ tó da ohunkóhun sí i.